Pákó Òkè Àjà

Ọmọ àbúrò mi pè mí lórí fídíò láti Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé. Ó bá mi nínú eruku, ayùn lọ́wọ́. Ariwo tó kọ́kọ́ pa ni pé, "Bọ̀dá, ẹ ti ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù! Ẹ rántí wa o!" Leeds ni mò ń gbé, pẹ́tẹ́ẹ̀sì kọ́ sì ni. Òkè àjà ni mo fẹ́ tẹ́ pákó sí kí n lè ríbi kó ẹrù sí. Mo ṣàlàyé títí, kò wọ̀ ọ́ létí.

Ta ló sì fẹ́ fi àjà han ọmọ Iléṣà? Nílé alámọ̀ ìyá ìyá mi, òkè ibi ìdáná ni àgbàdo ń wà, kí èéfín lè lé kòkòrò. Lóde òní, tí o bá fẹ́ pákó, o ó lọ sí sọ́míìlì, o ó ná an, káfíńtà á kó ọmọ iṣẹ́ méjì wá, ó parí.

Níbí, èmi ni káfíńtà, èmi ni ọmọ iṣẹ́. Oríṣi pákó méjì ni mo bá ní ìsọ̀. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó ti mojú ìrókò á sunkún. Kékeré gùn ní mìlímítà 1220, ó fẹ̀ ní 320, ó nípọn ní 18. Ńlá jẹ́ 2400 sí 600, ó nípọn ní 22. Kékeré á wọ ẹnu àjà wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti fẹ́ sanwó kí n tó rántí pé igi àjà mi fi 600 jìnnà síra. Pákó 18 fẹ́ kí igi sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ńlá ni mo rà, mo gé e sí méjì lẹ́yìnkùlé: 1200 jókòó déédéé lórí igi mẹ́ta.

Ó tún ku òwú. Èyí tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kí ooru má bàa jáde nípọn tó 270, gíga igi ò sì ju 100 lọ. Afẹ́fẹ́ inú òwú ló ń ṣiṣẹ́. Tó o bá fi pákó tẹ̀ ẹ́ pa, o ó máa sanwó gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ni. Ẹsẹ̀ ike la máa ń kàn mọ́ igi, kí pákó tó gùn ún.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Mo wà lórí àkàbà, mo forí ru pákó, ọwọ́ kan di àkàbà mú, èkejì ń tá ẹnu àjà wò. Pákó há. Kò lọ sókè, kò bọ̀ nílẹ̀. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́. Mò ń gbọ́ aládùúgbò mi tó ń gé koríko. Ọdún mẹ́fà la ti ń kí ara wa lórí ọgbà, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì wọ ilé mi rí, n ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ké "ẹ gbà mí" níbí nítorí pákó. Ní Ìṣọ̀kùn, àdúgbò kan n'Íléṣà, kí ẹni tó ń kọjá tó kí ọ ní "ẹ kú iṣẹ́" tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní ìdí pákó kejì. Á tún wá ibì kan jókòó sí, á máa sọ fún ọ pé bó o ṣe ń kàn án ò dáa.

Èjìká ni mo fi yí i nígbẹ̀yìn tó fi wọlé. Ó bó mi létí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n máa bọ̀ nílé nítorí pákó o. Káfíńtà kan gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi rí n'Íléṣà, ó ní ìyá òun kú. Ìyá náà ta ẹ̀kọ fún mi lọ́sẹ̀ kejì. Níbí, 22 tí wọ́n bá kọ sára pákó, 22 ni. Iná ò sì ṣẹ́jú títí mo fi kan èyí tó gbẹ̀yìn láago mọ́kànlá alẹ́. Mo sọ èyí fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Báàgì Ghana-must-go mẹ́rin ló kọ́kọ́ gòkè, ẹrù tá a ń kó jọ láti gbé relé: ìkòkò, bàtà, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi dúró nídìí àkàbà. "Ẹrù Iléṣà lẹ fẹ́ kó sókè àjà?" Mo ní títí di Dìsẹ́ńbà ni. Kò bi mí pé tọdún wo. Ó gbé báàgì tó kù lé mi lọ́wọ́.