Kí ẹ tó náwó sórí ọ̀rọ̀ kan lórí Google

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àwọn oníṣòwò polówó ọjà lórí Google, ẹ má jẹ́ kí iye tí wọ́n ń gbà lórí kílíìkì kan gbà yín lọ́kàn jù. Àwọn tó ń tẹ ìpolówó yín láìní ra nǹkan kan ni kí ẹ máa ṣọ́.

Gbàǹjo ni iṣẹ́ yìí: ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń kọ sórí Google láti fi wá nǹkan (keyword) ni àwọn oníṣòwò ń náwó lé, kí ìpolówó wọn lè jáde. Nígbà tí Bill Gross gbé GoTo.com, ìkànnì tí wọ́n fi ń wá nǹkan, jáde ní 1998, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ló ń wà lókè, ó parí. Láti 2002 ni Google ti ń wo nǹkan mìíràn mọ́ ọn: ṣé àwọn èèyàn máa tẹ ìpolówó náà? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ san ₦500, tí èèyàn 2 nínú 100 ń tẹ tirẹ̀, ₦1,000 ló máa mú wọlé fún Google. Ẹni tó fẹ́ san ₦200, tí èèyàn 10 nínú 100 ń tẹ tirẹ̀, ₦2,000. Ta ni ẹ rò pé wọ́n máa gbé sókè?

Wàyí o, ká ní inverter ni oníbàárà yín ń tà n'Íbàdàn. Bí ẹ bá kọ “inverter” sílẹ̀ lórí broad match, ìyẹn ètò tó ń gbé ìpolówó yín síwájú ẹnikẹ́ni tó kọ ohun tó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹni tó ń wá fíríìjì oní-inverter á rí i, ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ á rí i, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó náà á rí i. Gbogbo wọn lè tẹ̀ ẹ́. Phrase match (ohun tí èèyàn kọ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yín nínú) àti exact match (ìtumọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà) ń dín wọn kù, àmọ́ negative keyword, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ kí ìpolówó yín jáde sí, ló ń lé wọn gan-an: fridge, repair, job, free. Ẹ ṣọ́ra o, “repair” tí ẹ yọ kò ní dá “fix” dúró. Ẹ kọ òun náà sílẹ̀.

Inú search terms report, ìwé ìròyìn tí Google ń fún yín, lẹ ti máa rí ohun tí àwọn èèyàn kọ gan-an kí wọ́n tó rí ìpolówó yín. Èmi kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n má kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni Google ń fi hàn. Wọ́n á tún máa dábàá pé kí ẹ kó gbogbo keyword yín sí broad match. Ẹni tó ń ta kílíìkì ló ń gbà yín nímọ̀ràn yẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń ná ọjà. Ẹ so bọ́tìnì rẹ̀ mọ́ conversion tracking, ìyẹn ohun tó ń ka iye àwọn tó tẹ ìpolówó tí wọ́n sì ṣe ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ tó náwó rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ tó ń mú oníbàárà wá gan-an lẹ máa pa, torí òǹkà á ní kò mú ẹnikẹ́ni wá.