Ìgbafẹ́ ẹbí nígbà ooru Houston: aago tí ẹ ó padà sílé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹsàn-án, kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń yọ èèyàn lẹ́nu ní Houston. Ọ̀rinrin tó ń ti òkun Gulf wọ̀lú kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ òógùn ló ń mú ara tutù. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ wo iye ooru lásán lórí fóònù. Iye tí wọ́n kọ “feels like” sí ni kí ẹ wò. Bí ooru bá jẹ́ 90°F, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 105°F ló máa rí lára. Abẹ́ ibòji ni wọ́n sì fi ṣe ìṣirò yẹn o. Ẹni tó wà nínú oòrùn gangan lè fi tó 15 kún un.

Ohun tó ń ba ìgbafẹ́ àwa Yorùbá jẹ́ níbẹ̀ ni pé a máa ń ṣètò rẹ̀ bí òde àríyá: aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n kọ ránṣẹ́, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dé ní aago kan, ẹni tó fẹ́ sun súyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá èédú ní aago méjì. Wọ́n á ní ọ̀sán ti yẹ̀, oòrùn á rọ̀. Kò ní rọ̀. Nígbà ooru, wọ́n ti sún aago síwájú ní wákàtí kan, nítorí náà nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ni oòrùn ń dé àtàrí. Àárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ni ooru sì máa ń le jù.

Ẹ ka aago sẹ́yìn: aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, kí gbogbo èèyàn ti wà nínú ọkọ̀. Ìyẹn ni pé kí ẹ dé páàkì ní aago méje ààbọ̀, kí ẹ sì ti di ẹrù láti alẹ́ àná. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dé ní aago méjìlá, ilé ni kó ti wá bá yín.

Hermann Park dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Igi ńlá tó ní ibòji pọ̀ níbẹ̀, reluwé METRORail ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé musíọ̀mù Houston Museum of Natural Science sì wà nítòsí tí ooru bá lé yín. Ìwọ̀-oòrùn ìdí igi ni kí ẹ tẹ́ ẹní sí, kó sì súnmọ́ ìdí igi náà, torí bí oòrùn bá ṣe ń gòkè ni ibòji ń sún wọlé. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Èèrà pupa tí ń ta bí iná wà káàkiri ìlú náà. Òkìtì wọn dà bí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, kò ní ihò lórí, ó sì máa ń pọ̀ lẹ́yìn òjò. Níbi ìṣeré ọmọdé, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé irin àti rọ́bà tó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ọwọ́ yín kò bá gbà á, itan ọmọ kò ní gbà á.

Omi ńkọ́? Àgbàlagbà ń fẹ́ kọ́ọ̀pù kan (240 ml) ní ogún ìṣẹ́jú sí ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ tó ń sáré kiri ń fẹ́ ìdajì kọ́ọ̀pù sí odidi kan. Fún àgbà méjì àti ọmọ mẹ́ta fún wákàtí mẹ́ta, ẹ gbé ike 500 ml méjìdínlógún. Ẹ fi mẹ́fà nínú rẹ̀ sínú fíríísà láti àná, ṣùgbọ́n ẹ bu díẹ̀ kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí omi máa ń wú tó bá dì, ike á sì bẹ́. Àwọn ni yóò ṣe yìnyín yín, tó bá yọ́ ẹ mu ún. Ẹ má fi oúnjẹ àti omi sínú kúlà kan náà: wọ́n á máa ṣí ti omi ṣáá, òtútù inú rẹ̀ á sì tán kíákíá.

Bí ooru bá ti kọjá 90°F, oúnjẹ tó lè bàjẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ níta. Jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ nínú páànù, mọ́ínmọ́ín àti sàláàdì ló ń kó ìgbẹ́ gbuuru bá ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ àkàrà gbígbóná bí ẹ bá ṣe ń dé, kí ẹ wá máa jẹ ṣin-ṣín, ẹ̀pà sísun àti wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù títí ẹ ó fi lọ. Jọ̀lọ́ọ̀fù lè dúró dè yín nílé.

Ẹ fojú sí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àìmu omi tó lè bẹ̀rẹ̀ ìrora fún un, òtútù òjijì náà sì lè ṣe é, nítorí náà kó má kàn fò sínú omi tútù látinú oòrùn. Kó wọlé díẹ̀díẹ̀, kó nu ara kíá tó bá jáde. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọyàn tàbí mílíìkì rẹ̀ ni kí ẹ fún un léraléra, kì í ṣe omi. Ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ẹ pe 911, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ sì fi yìnyín sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Ẹ má ní kó kọ́kọ́ sinmi ná.

Ọkọ̀ ńkọ́? Inú rẹ̀ lè fi nǹkan bí 20°F gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, nítorí náà ọmọ kò gbọdọ̀ dá wà níbẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi aṣọ bo ìjókòó ọmọ kí ẹ tó lọ, torí irin bẹ́líìtì ń jó awọ.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́, eré ọ̀fẹ́ máa ń wáyé ní Miller Outdoor Theatre nínú páàkì yẹn kan náà. Níparí oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ̀fọn á sì ti dé. Ìpara tí ń dènà oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa (awọ dúdú náà ń jó), kó gbẹ, kí oògùn ẹ̀fọn tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, inú ilé tàbí inú ọkọ̀ ni kí ẹ sá sí, kì í ṣe abẹ́ igi tàbí àgọ́. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó jáde.