Lésà àlùkò kò ṣe bàìbàì, ojú wa ni kò rí i tán

Alẹ́ Sátidé. Wọ́n mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, ilé ṣú dáadáa, mo bá kó àwọn lésà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì jáde: pupa, aláwọ̀ ewé, àti elésè àlùkò. Mílíwáàtì 5, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀ wọn, ni wọ́n kọ sí ara gbogbo wọn. Mo tàn wọ́n sí ògiri pálọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Aláwọ̀ ewé mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ojú ọ̀nà rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láti ọwọ́ mi títí dé ara ògiri. Pupa mọ́lẹ̀ níwọ̀nba. Àlùkò ní tiẹ̀, àmì kékeré kan ló yọ, etí rẹ̀ kò sì dá ṣáká, bí ìgbà tí omi bá lé síni lójú. Àbúrò mi ọkùnrin ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì lórí èyí o. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe bàìbàì." Màmá wa, tí wọ́n ti dàgbà, ní àwọn ò tilẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀.

Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Nánómítà, ìyẹn mítà kan tí a pín sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, la fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀: pupa yìí jẹ́ 650, aláwọ̀ ewé jẹ́ 532, àlùkò jẹ́ 405. Ní ojúmọmọ, ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nǹkan bíi 555 ni ojú ènìyàn mọ̀ ọ́n rí jù. Aláwọ̀ ewé sún mọ́ ibẹ̀ gan-an, àlùkò sì wà ní bèbè ibi tí agbára ojú parí sí. Bí agbára àwọn méjèèjì bá dọ́gba rẹ́gí, aláwọ̀ ewé á mọ́lẹ̀ lójú wa ju àlùkò lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé ó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Etí tí kò dá ṣáká yẹn náà, inú ojú ló ti wá. Awò inú ẹyinjú máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ àlùkò ju bó ṣe ń tẹ pupa lọ, kò wá jẹ́ kó parapọ̀ síbi tó yẹ kó ti parapọ̀. Awò yẹn sì máa ń gba díẹ̀ lára àlùkò mọ́wọ́ kó tó wọlé. Bí a ṣe ń dàgbà ló ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì ń gbà á mọ́wọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Màmá fi rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé àlùkò yìí kúrò lára ògiri, kí ẹ gbé e sára aṣọ funfun tí a fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ̀. Mo tàn án sí síngílẹ́ẹ̀tì mi tó wà lórí àga, ó sì mọ́ yòò lẹ́ẹ̀kan náà, ó di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Èròjà tó ń mú aṣọ funfun dán wà nínú ọṣẹ náà. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ àlùkò, ó sì ń tú búlúù jáde, tí ojú wa rí dáadáa. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló ń tàn nígbà náà.

Ara síwíìṣì yàrá ni mo ti gbádùn rẹ̀ jù. Sítíkà kan wà níbẹ̀ tó máa ń tàn lókùnkùn. Mo fi lésà pupa kọ lẹ́tà A sí i, kò sí àmì kankan. Mo fi àlùkò kọ ọ́, A dúró gbọin, ó ń tàn láwọ̀ ewé fún ìgbà díẹ̀ kó tó máa ṣá. Ẹyọ kéékèèké ni ìmọ́lẹ̀ máa ń wá, ẹyọ àlùkò kan sì gbé agbára tó ju ìlọ́po kan ààbọ̀ ti ẹyọ pupa kan lọ. Bí pupa ṣe wù kó pọ̀ tó, ẹyọ rẹ̀ kan kò lágbára tó láti jí èròjà inú sítíkà náà.

Irú lésà yìí ló wà nínú ẹ̀rọ Blu-ray, tó ń ka àwo fíìmù bíi ti DVD. Shuji Nakamura, tó ń ṣiṣẹ́ ní Nichia ní Japan, ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ hàn lọ́dún 1996. DVD ń lo lésà nánómítà 650, ìpele kan nínú rẹ̀ ń gba gígábáìtì 4.7, Blu-ray ń lo 405, ìpele kan nínú rẹ̀ ń gba gígábáìtì 25, nítorí ojú lésà náà ṣe tínínrín ju ti DVD lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn ọmọdé á rò pé èyí tó ṣe bàìbàì kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá mọ́ jù, a máa ń ṣẹ́jú láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì ń dáàbò bò wá díẹ̀. Àlùkò lè máà mú wa ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ wà ńbẹ̀ digbí. Ohun tí wọ́n sì kọ sára àwọn tí à ń rà lọ́jà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni tèmi ń gbé, mi ò sì jẹ́ tàn án níbi tí dígí bá wà.

Mo ti rẹ ewé ewúro sínú sípírítì láti ọ̀sán. Omi náà ti di àwọ̀ ewé kíki nínú ife. Mo tan àlùkò gba inú rẹ̀, ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi fò sókè. Kúlórófíìlì, èròjà tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ló ń gbé àlùkò mì tó sì ń tú pupa jáde. Mo ti fi fóìlì bo ife náà, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣá a. Mọ́ńdè ni mo máa gbé e lọ sí kíláàsì.