Kámẹ́rà Tí Wọ́n Ń Fi Ọwọ́ Yí

Sátidé. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, mo bá jókòó ti fídíò ẹnì kan tó tú Cinématographe palẹ̀ sórí tábìlì. Kámẹ́rà sinimá tí àwọn Lumière, Auguste àti Louis, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Lyon nílẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní oṣù Kejì ọdún 1895 nìyẹn. Àpótí igi lásán ni, bíi kílò 5, ó ní lẹ́ńsì níwájú àti ọwọ́ irin kan tí wọ́n fi ń yí i.

Fíìmù rẹ̀ ní ihò róbótó kan lápá ọ̀tún àti kan lápá òsì àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń yí ọwọ́ irin yẹn, èékánná irin méjì á ki orí bọ inú ihò, á fa fíìmù wálẹ̀ ní ìwọ̀n àwòrán kan ṣoṣo, á yọ orí jáde, á tún gòkè lọ. Bí èékánná ṣe ń gòkè, fíìmù dúró sójú kan. Ìgbà yẹn gan-an ni àwo irin tó ń yí lẹ́yìn lẹ́ńsì á ṣí ojú fún ìmọ́lẹ̀. Kí fíìmù tó tún gbéra, àwo ti bo ojú lẹ́ńsì, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá ká fíìmù mọ́ orí ìrìn, wúruwùru ni àwòrán á jáde.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yíyí kan sì jẹ́ àwòrán 8. Àwòrán 16 nìyẹn, ìdúró 16 náà sì ni. Kámẹ́rà yìí ò rí ìrìn ẹnikẹ́ni rí o! Ìdúró nìkan ló rí; ojú àwa tá à ń wò ó ló ń so ó pọ̀.

Louis sọ pé òru ọjọ́ kan tí ara òun ò yá, tí oorun ò sì kun òun, ni òun ronú kan ọgbọ́n náà, ó sì jọ bí maṣíìnì ìránṣọ ṣe ń fa aṣọ. Télọ̀ kankan ò ní bá a jiyàn: ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lókè ni aṣọ ń sún, bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, aṣọ ò gbọdọ̀ mira.

Ẹ̀rọ Edison ti ń ya àwòrán ní Amẹ́ríkà ṣáájú èyí, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń yí i, ó wúwo, inú ilé tí wọ́n kọ́ fún un ní New Jersey ló ń gbé, àwọn oníjó ló ń wá bá a níbẹ̀. Ti Lumière kò dúró de iná ẹnikẹ́ni (àwa la mọ iyì ìyẹn). Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n ya àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń jáde.

Fíìmù bíi mítà 17 ló ń gbà. Ìṣẹ́jú àáyá 50 ó ti tán. Àpótí yìí kan náà ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà fíìmù, òun náà ni wọ́n gbé síwájú àtùpà ní Grand Café ní Paris, ní 28 oṣù Kejìlá 1895, fún àwọn tó san fáránkì 1.

Lọ́dún 1896, wọ́n ya àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wó ògiri, Auguste fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Ẹ̀yìn ni wọ́n wá ti fi fíìmù náà hàn wá síwájú: eruku kó ara rẹ̀ jọ, ògiri dìde. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rọ tí wọn ò tíì mọ̀ délé, wọ́n ti ń fi dá àpárá!