Ilé tí wọ́n ń tún ṣe láìsí òkú nílẹ̀

Ní ilẹ̀ Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, bí o bá rí ilé àtijọ́ tí wọ́n ń kùn lọ́dà, béèrè ẹni tó kú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo débẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Bàbá tàbí ìyá á dákẹ́, àwọn ọmọ á ti Àbújá, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù dá owó jọ, wọ́n á pààrọ̀ páànù tó ń jò níwájú ilé, wọ́n á kun ògiri tó kọjú sí títì. Kánópì á dúró, iyán á jáde, ijó á gbóná. Bí òkú bá ti wọlẹ̀ tán, kálukú á padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kò kùn á sì máa wó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa, ní Àbújá, ló mú mi lọ. Ọmọ Yàgbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní àwọn ń tún ilé bàbá-bàbá àwọn ṣe ní abúlé, kò sì sí òkú kankan nílẹ̀. "Máa bá mi ká lọ," ni wọ́n wí, "kí o lè jẹ́rìí pé orí mi ṣì pé." Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ti pẹ́ ní Àbújá, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kó wá sí ní 1991, níbi tí ilé ọgbọ̀n ọdún ti ń jẹ́ ilé àtijọ́. Mo gbà kíá.

Kùtùkùtù la jáde, nítorí Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ bá àwọn lójú ọ̀nà yẹn. A kọjá Gwagwalada, Abaji àti Koton-Karfe, a gba orí afárá Murtala sọdá odò Ọya, ó di Lókòjà. Ìlú yìí ni Lugard ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè lórí ilẹ̀ Àríwá ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1900, àmọ́ ẹja tútù tí wọ́n ń dín létí odò ló jẹ èmi lógún lọ́jọ́ náà. A jẹun, a tẹ̀síwájú.

Lẹ́yìn Lókòjà ni Ọ̀bàjànà. Kò sí bí o ṣe máa kọjá níbẹ̀ kí o má mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì lo dé. Tírélà tò gbọọrọ, eruku bo ewé igi. Ilé-iṣẹ́ Dangote tó wà níbẹ̀ lè ṣe sìmẹ́ǹtì tó mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan, kódà ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí Kabba, kìlómítà 43, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀dà. Ọ̀nà náà dára, mo sùn lórí rẹ̀. Nígbà tí mo jí, Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ: "Níbi tí sìmẹ́ǹtì ti ń jáde báyìí, ta ni yóò ní ká wá bá òun po amọ̀?" Kabba, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Mọ̀pà, Ìsánlú: ní gbogbo ojú ọ̀nà, ilé búlọ́ọ̀kù ló wà níwájú, ilé alámọ̀ a sì máa yọjú láti ẹ̀yìn wọn.

Lẹ́sẹ̀ òkè kan lẹ́yìn Ìsánlú ni abúlé náà wà. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn arúgbó tó kù níbẹ̀ kò ránṣẹ́ pe àlejò. Láyé ogun Nupe, orí òkè ni àwọn bàbá wọn sá gùn. Ìgbà tí ogun rọlẹ̀ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀. Ilé ìwé ló kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ, iṣẹ́ ìjọba gbà wọ́n dúró síbẹ̀, lẹ́nu ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí ni ẹ̀rù àwọn ajínigbé wá lé àwọn tó ṣì ń roko. Àgádágodo tó ti dógùn-ún wà lẹ́nu ọ̀nà ilé púpọ̀. Igi ìbẹ́pẹ kan ti hù nínú yàrá ẹnìkan, ó ti yọ orí látojú òrùlé. Ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà kí wa pé, "Ọ̀kún o," wọ́n sì bi Ẹ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀ bóyá wọ́n mú búrẹ́dì bọ̀.

Ilé tí à ń sọ yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Ògiri rẹ̀ nípọn. Níbi tó ti hó, o lè fojú ka ipele tí wọ́n fi mọ ọ́n: wọ́n á mọ ọ̀kan, wọ́n á fi sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, wọ́n á tó gbé òmíràn lé e. Láti Kubwa ni mo ti ń pè é ní ilé alámọ̀. Mo débẹ̀ tán, mo rí i pé igi ló gbé e ró. Àtẹ́rígbà ìrókò wà lókè ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Igi òrí ni òpó iwájú. Igi àjà jẹ́ ti ọ̀pẹ gíga kan tí àwọn Hausa ń pè ní giginya, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀lé Kano àti Zaria fi ń gbé àjà tiwọn náà ró, tí wọ́n bá ti là á tán tí wọ́n wá ń pè é ní azara. Ikán kì í bá igi yẹn ṣeré.

Káfíńtà tó wá láti Kabba mú ọ̀bẹ kékeré kan dání, ó ń fi gún igi kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan. Níbi tó le, ọ̀bẹ á dún kọ́, á ta padà. Níbi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, ó ń wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn gún búrẹ́dì. Gbogbo àtẹ́rígbà ìrókò ló dún kọ́. Igi òrí dún kọ́, àfi ìdí òpó méjì tó wọnú ilẹ̀. Àwọn tí ọ̀bẹ wọlé sí wẹ́rẹ́ ni pákó tí wọ́n fi tún òrùlé ṣe nígbà òkú ìyá Ẹ̀gbọ́n. Kò tíì tó ogún ọdún. Igi tí bàbá-bàbá wọn gbé síbẹ̀ ṣì wà, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi owó rà lọ́jà ti di ìyẹ̀fun.

Káfíńtà náà kò yọ òpó méjì yẹn dànù. Ó gé ibi tó jẹrà kúrò nísàlẹ̀, ó gbẹ́ igi líle mìíràn kó lè wọnú ti àkọ́kọ́ dáadáa, ó kàn wọ́n pọ̀, ó sì gbé e lé orí òkúta kó má baà fara kan ilẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kó tó ṣe é tán. Mo bi í bóyá òpó tuntun kò ní yá jù. Ó ní yóò yá, àmọ́ níbo ni òun yóò ti rí igi òrí tó tó báyìí lóde òní?

Ti ògiri tún wá burú ju ti igi lọ. Nígbà òkú kan náà ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri iwájú, kó lè dán nínú fọ́tò. Bàbá bírìkìlà, tí gbogbo abúlé gbà pé àwọn nìkan ló kù tó mọ iṣẹ́ yìí, fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Odindi abala kan já lulẹ̀ gbì, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Mo fọwọ́ kan amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tutù, ó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà ọyẹ́ la wà, òjò ti lọ tipẹ́. "Amọ̀ a máa làágùn," ni Bàbá wí. "Sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kó làágùn." Omi òjò ń gba ojú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán wọlé, kò wá rọ́nà jáde mọ́, ògiri ń rà láti inú nígbà tí ìta ń dán. Títí di ìsinsìnyí mo ṣì ń rí ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ báyẹn, inú mi kì í sì í dùn.

Ohun tí Bàbá fi rọ́pò rẹ̀ kò ní nǹkan àrà nínú: amọ̀ tí wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, iyanrìn odò, koríko gígé, ìgbẹ́ màlúù, àti omi tí wọ́n ti rẹ èèpo èso igi irú sí títí ó fi ki. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe irú ni wọ́n ti ń gba èèpo náà. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí òjò tètè hó ògiri. Wọ́n po gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fi rẹ́ ilé. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ká ṣòkòtò, mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, títí Bàbá fi ní kí n jáde, pé mò ń tẹ ibi kan ṣoṣo. Páànù tuntun náà yọ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí omi òrùlé má baà máa ta sí ìdí ògiri.

Àmọ́ amọ̀ àti igi kọ́ ló gba Ẹ̀gbọ́n lákòókò jù. Ilé ẹbí ni. Ẹni tó bá kan ìṣó kan mọ́ ilé ẹbí, àwọn yòókù á máa wò ó pé ó fẹ́ gbà á. Nítorí náà ni ilé fi ń wó níṣojú àwọn ọlọ́rọ̀: kálukú ń sá fún ẹ̀sùn. Kí Ẹ̀gbọ́n tó ra ìṣó, wọ́n pe ìpàdé ẹbí nígbà Kérésìmesì, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé owó tí ẹnikẹ́ni bá ná, ẹ̀bùn ni, kò sọ ọ́ di onílé ju ẹlòmíràn lọ. Gbogbo ẹ̀ka fọwọ́ sí i. Wọ́n fi ìwé náà hàn mí, wọ́n fi ike wé e. Àbúrò wọn kan ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi dúpléẹ̀sì rọ́pò. Mo mọ dúpléẹ̀sì abúlé: gẹ́ètì gíga, jẹnẹrétọ̀, Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń ṣí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ní ìjọba ni yóò bá wọn tọ́jú ẹ. Ìlójọ̀ Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinúbú, láàárín Èkó gan-an, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n ṣì wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, 2016.

Àpẹẹrẹ tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn láti máa mẹ́nu bà ni ti Shirakawa-go, abúlé kan ní Japan tí ilé rẹ̀ jẹ́ igi pẹ̀lú òrùlé koríko tó ga fíofío. Ní 1971, àwọn ará ibẹ̀ bá ara wọn ṣe àdéhùn: a kò ní tà á, a kò ní fi háyà, a kò ní wó o. Ní 1995, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé kan, gbogbo abúlé ló ń jáde, ọ̀wẹ̀ tiwa gẹ́lẹ́. Ó wù mí, àmọ́ mo rán Ẹ̀gbọ́n létí pé ilé tó ṣófo ní Japan ti tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án nígbà tí ìjọba wọn kà á ní 2023. Àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ sí Shirakawa-go. Ta ló ń rọ́ wá sí ẹ̀yìn Ìsánlú? Àwọn tó lágbára láti ṣọ̀wẹ̀ sì wà ní Kubwa.

Ní ti àdéhùn "a kò ní fi háyà" yẹn, Ẹ̀gbọ́n kò gba owó ilé, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí àlejò wọlé gbé, inú mi sì dùn. Bàbá bírìkìlà ti sọ fún wọn pé àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé inú rẹ̀, ìnáwó lásán ni. Ilé nílò ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń dáná kí èéfín lè máa lé kòkòrò nínú igi, tó ń gbójú sókè nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Wọ́n wá fún tíṣà kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ní yàrá méjì, òun àti aya rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Kò ní san kọ́bọ̀. Ará Ìdàh ni, àwọn kan nínú ẹbí sì ń kùn pé àjèjì ń sùn nínú yàrá bàbá àwọn. Ẹni tó ń kùn jù wà ní Houston.

Àwọn ọmọkùnrin méjì ni Ẹ̀gbọ́n ń sanwó fún kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ọ̀kan ti lọ ń gun ọ̀kadà ní Kabba. Èkejì dúró, ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ kò fẹ́ràn ìgbẹ́ màlúù rárá, ó sì ń bi Bàbá lójoojúmọ́ bóyá wọn kò lè fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí i. Yàrá ẹ̀yìn mẹ́ta ló kù tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Ó di ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀. A kò tíì dé Kubwa tí Ẹ̀gbọ́n fi ti fi nọ́ńbà àkáǹtì iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.