Omi díẹ̀ ló ń dá kúrọ́ṣà dúró, kì í ṣe omi púpọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ kúárì àbí tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi lápá Abẹ́òkúta níbí. Tójò bá ti ń rọ̀ tí kúrọ́ṣà, ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, ń yọnu, gbogbo èèyàn á ní òkúta ti mu omi. Irọ́ ni jàre. Gíránáìtì kì í sábà mu omi tó kìlò kan nínú kìlò 100. Ilẹ̀pa àti dọ́ọ̀sì, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú òkúta, tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ni wàhálà.

Tí dọ́ọ̀sì bá gbẹ, á máa bọ́ lójú asẹ́ fúnra ẹ̀. Tómi bá pọ̀ gan-an, bí ìgbà tí wọ́n ń fọ òkúta, omi á gbé e kọjá. Àárín méjèèjì ló ń pa wá, tómi inú dọ́ọ̀sì bá ti tó bíi 4 sí 6 nínú 100 ojú asẹ́ kéékèèké á dí pátápátá, ẹni tó bá ti jọ̀ gàrí tómi ò tíì jò nínú ẹ̀ tán rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Dọ́ọ̀sì tí ò wá ríbi bọ́ sí á tẹ̀lé òkúta padà sínú kóònù (kúrọ́ṣà tó ń fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́), á dì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, kóònù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò gbà-gbà-gbà. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró yẹn, ẹ dá ẹrù dúró kíá. Ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ ọpirétọ̀ pé kó máa kó ẹrù sí i nígbà yẹn, bẹ́árìn tuntun ló ń wá owó ẹ̀.

Kójò tó dé ni kẹ́ ẹ ti ha ilẹ̀pa orí àpáta kúrò, kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì la ojú àgbàrá sínú kòtò kí páǹpù lè rómi fà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń wa pélódà kó má wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ òkúta. Àwọn irin tó wà níwájú jọ́ọ̀ (kúrọ́ṣà àkọ́kọ́ tó ń gba òkúta ńlá), ẹ ṣí ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí ilẹ̀pa bọ́ sọ́tọ̀, àwọn tó ń kún ọ̀nà á rà á, ẹ ò pàdánù púpọ̀.

Àmọ́ ẹ má torí asẹ́ pa omi tẹ́ ẹ fi ń pa eruku o! Eruku gíránáìtì ní sílíkà nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà. Ẹ jẹ́ kó máa fọ́n wínniwínni lẹ́nu jọ́ọ̀ àti níbi tí òkúta ti ń já bọ́ látorí bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ wá dín in kù bó bá ku díẹ̀ kó dórí asẹ́. Kí kálukú sì lo ìbòmú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà ńkọ́? Dọ́ọ̀sì tọ́ọ̀nù 30 tómi ẹ̀ jẹ́ 6 nínú 100, tọ́ọ̀nù 1.8 nínú ẹ̀ omi ni, ẹ sì ti sanwó ẹ̀ lórí ìwọ̀n. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kẹ́ ẹ fún un, tó bá dì tí ò tú, ẹ ná owó ẹ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì dín omi tẹ́ ẹ fẹ́ fi po búlọ́ọ̀kù kù.