Aago Méjì Ọ̀sán Ni Kí Ẹ Lọ Wo Ilé Ajá: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ajá àti Ooru Òṣogbo

Tí ẹ bá fẹ́ fi ajá yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn tọ́jú ajá kí ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ má lọ wo ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ má sì lọ nírọ̀lẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ lọ, pàápàá nínú oṣù kejì sí ìkẹta, nígbà tí oòrùn Òṣogbo bá ń mú ganrínganrín. Láàárọ̀, gbogbo ilé ajá ló dára. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni, omi wà nínú abọ́, atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ajá ń ju ìrù. Tó bá di aago méjì, ẹ máa rí ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ máa rí i bóyá omi àárọ̀ náà ló ṣì wà nílẹ̀, ẹ ó sì mọ ẹni tó ń wà pẹ̀lú àwọn ajá nígbà tí ọ̀gá kò bá sí níbẹ̀.

Ọ̀nà Òkè-Fíà ni mò ń gbé, ajá méjì ni mo sì ní. Ìfura ni orúkọ èkíní, ajá ìbílẹ̀ wa ni, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èkejì ni Bruno, German Shepherd tí irun bò títí dé ọrùn. Oòrùn kan náà ló ń ràn sórí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe wọ́n kò rí bákan náà. Ìfura á kàn gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, á sùn sínú ihò náà, ó parí. Bruno á máa mí hẹlẹhẹlẹ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ẹnu ló fi ń lé ooru jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń mí kíákíá. Tí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá ti gbóná jù, tàbí tí ojú ọjọ́ bá rin bíi ti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ fẹ́ rọ̀, mímí yẹn kò ní ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Ti àwọn ajá onímú pẹlẹbẹ bíi Boxer, Bulldog àti Pug tún wá le jù, torí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú wọn kò gbòòrò.

Àwọn kan máa ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fá irun Bruno. Mi ò fá a. Irun yẹn ló ń dáàbò bo awọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Kóòmù ni mo fi ń yà á dáadáa kí èyí tó ti kú lè bọ́ kúrò, kí atẹ́gùn lè ráyè kan ara rẹ̀.

Ara ajá tó lálàáfíà máa ń gbóná tó 38.3 sí 39.2 lórí ìwọ̀n Celsius, ìyẹn ni pé ó gbóná ju tiwa lọ láti ìpilẹ̀. Tó bá ti kọjá 40, ẹ yára wá nǹkan ṣe. Tó bá lé ní 41, ewu ti dé, torí ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ lè máa bàjẹ́ nínú kí ẹni tó wà lóde tó mọ̀.

Ojú mi ló ṣe. Bàbá kan ládùúgbò wa ní Boxer, wọ́n so ó mọ́ òpó lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n so ó láàárọ̀, ibòji wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibòji kì í dúró sójú kan. Kó tó di ọ̀sán, oòrùn ti bọ́ sórí ajá náà gbáú, ẹ̀wọ̀n sì ti lọ́ mọ́ òpó débi pé ẹnu rẹ̀ kò lè kan abọ́ omi mọ́. Ọmọ ọmọ Bàbá ló sáré wá pè mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ wá o, ajá Bàbá kò lè dúró mọ́!” Nígbà tí mo débẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta, erìgì rẹ̀ ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, itọ́ rẹ̀ ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ó kọjú sí wa, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú wa.

A gbé e lọ sábẹ́ ibòji. Mo fa omi kànga, mo ń dà á sí i níkùn, lábíyá, láàárín itan àti lẹ́sẹ̀. Bàbá fúnra wọn mú abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ kíkankíkan. Ìyàwó wọn fẹ́ rán ọmọ lọ ra yìnyín ní títì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an, omi kànga yìí ti tó.” Omi yòówù tó bá ti tutù ju ara ajá lọ ni kí ẹ lò lójú ẹsẹ̀, nítorí àkókò tí a bá fi ń wá yìnyín kiri lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má sì ki omi bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà tí kò tíì mọ ibi tó wà, kó má lọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù tí àwọn èèyàn máa ń dà bo ajá lára, tí wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dára. Aṣọ náà á gbóná, á wá sé ooru mọ́ ọn lára. Omi àti atẹ́gùn ni kí ẹ jọ lò pọ̀, kí ẹ má dáwọ́ dúró títí mímí rẹ̀ á fi rọlẹ̀.

Nígbà tí ajá náà dìde, Bàbá ní, “Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ó ti tán.” Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, kò tíì tán, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.” Ajá tí ooru bá mú báyìí lè dìde, kó jẹun, kí kíndìnrín rẹ̀ tún wá dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. A ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀, a gbé e lọ, dókítà fa omi sí i lára. Ó ṣì wà láàyè dòní. Bàbá kò so ó mọ́ òpó mọ́, wọ́n ní kí káfíńtà bá wọn ṣe ọgbà kékeré kan tó lè rìn nínú rẹ̀.

Ní ti omi, abọ́ irin kò dára lójú oòrùn. Omi inú rẹ̀ á gbóná débi pé ajá á gbóòórùn rẹ̀, á yí orí padà. Ìkòkò amọ̀ ni mo rà ní Ọjà Ọba, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, mo rì í dé ìdajì sínú ilẹ̀ lábẹ́ igi. Omi inú amọ̀ máa ń tutù, Bruno kò sì lè fi ẹsẹ̀ dà á nù. Ajá tó wúwo tó kílò 30 lè mu tó lítà kan àbọ̀ lójúmọ́, nígbà ooru á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárọ̀ kùtù àti lálẹ́ ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, mi ò sì jẹ́ kí àjẹkù wà nílẹ̀ dọ̀sán, torí kíákíá ló ń kan. Mi ò kì í fún wọn ní ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a ti sè náà, ẹ gbé e jìnnà sí wọn, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ń dùn mí gan-an. Ẹ má fi ajá sínú ọkọ̀ tí ẹ ti tì, kódà tó bá jẹ́ búrẹ́dì lásán lẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rà ní Ọláìyá. Láàárín ìṣẹ́jú 10, inú ọkọ̀ lè fi ìwọ̀n 10 gbóná ju ìta lọ, ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò sì yí i padà. Àwọn tó ń fi ajá sínú búùtù láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ yéé ṣe é. Ajá ń mí, inú búùtù kò sì ní atẹ́gùn. Tí ẹ bá fẹ́ mú ajá rìn ní títì ọlọ́dà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ilẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tí ọwọ́ yín kò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè gbà á.

Ká wá padà sórí ilé ajá. Ọdún Àjíǹde ló sábà máa ń gbé èmi kúrò nílé, ó sì máa ń bọ́ sí ìgbà ooru. Ibì kan wà tí mo lọ wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, òórùn Izal ti ń kí èèyàn láti ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n páànù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orí mi lọ, kò sì sí sílíìnì lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, ooru ti ń jó mi kí n tó fọwọ́ kàn án. Abọ́ omi méjì ti gbẹ, ti ẹ̀kẹta sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ omi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mu láàárọ̀.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Nípa òórùn Izal yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tó bá ti ń rùn bẹ́ẹ̀ kò lè ní àrùn. Kòkòrò àrùn parvo, èyí tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò gbọ́ ti irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bílíìṣì bíi Jik ló ń pa á, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n omi 30, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò nílẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, mo máa ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń fọlẹ̀, mo sì máa ń dúró gbọ́ bí wọ́n ṣe máa dáhùn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé kí wọ́n béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá mi. Tí wọn ò bá béèrè tèmi, a jẹ́ pé wọn ò béèrè ti ajá tó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nìyẹn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò gbọ́dọ̀ tí ì kọjá àsìkò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti parvo àti ti distemper, àrùn mìíràn tó máa ń ran ajá, kí ẹ sì gbà wọ́n ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò kí ara lè ráyè kó agbára jọ. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, ilé ni kó wà. Ẹ tún wo bí àwọn ajá ṣe ń ṣe tí ọmọ tó ń tọ́jú wọn bá kọjá. Tí wọ́n bá ń sá sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ká ìrù sábẹ́, ẹ má fi tiyín síbẹ̀. Ní ibi tí mo pàpà yàn, ọmọ náà ń fi orúkọ pe ajá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá a lóhùn.

Fífi ajá sílẹ̀ nílé fún ìbátan dára, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé onítọ̀hún kò bẹ̀rù ajá. Ẹni tó ń bẹ̀rù á dúró lókèèrè, á ju oúnjẹ sí i, á ní òun ti tọ́jú rẹ̀. Kò lè wo erìgì rẹ̀, kò lè rí eégbọn tó wà létí rẹ̀. Kò ní mọ̀ pé ajá tó sùn sílẹ̀ yìí, àìsàn ló dá a dùbúlẹ̀.

Mo máa ń gbé oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ lọ fún wọn, torí tí a bá yí oúnjẹ padà lójijì, inú wọn á máa ṣí. Mo tún máa ń fi ìró kan tí mo ti ró, tí mi ò tíì fọ̀, síbi tí Ìfura máa sùn. Mo kọ nọ́ńbà dókítà wa sórí bébà, mo fọwọ́ sí i pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbé wọn lọ tààrà, kí wọ́n má dúró pè mí. Fídíò tí mo sì ń béèrè lórí WhatsApp, ti ọ̀sán ni. Mi ò fẹ́ ti ìrọ̀lẹ́.

Tí wọ́n bá ti délé, mo máa ń tú ara wọn wò kí n tó já wọn sílẹ̀: inú etí, abẹ́ ìrù, àárín ọmọ ẹsẹ̀. Eégbọn máa ń fara pamọ́ sí ojú ibi tí ògiri bá ti sán, ó sì ń gbé àrùn tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ajá. Erìgì tó funfun, ìtọ̀ tó dúdú bíi kọfí àti ibà, ọ̀dọ̀ dókítà ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀mú kékeré ni kí ẹ fi fa eégbọn, kí ẹ dì í mú níbi tó ti kan awọ, kí ẹ fà á tààrà. Ẹ má fi epo kẹrosíìnì pa á, ẹ má fi ọ́ìlì ọkọ̀ ra ajá lára, ọta-píà-píà kò sì gbọ́dọ̀ kàn án rárá, torí yóò lá ara rẹ̀, májèlé náà á sì wọ inú rẹ̀ lọ.

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n bá ajá ará àdúgbò ṣeré. Tí ọ̀kan bá ń wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tàbí tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, dókítà ni mo kọ́kọ́ ń pè. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pe ilé ajá tí wọ́n ti bọ̀, torí ajá àwọn ẹlòmíràn ṣì wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n tètè mọ̀.